Ta Ló Máa Jẹ Ilá Yìí?

Ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi wá sọ pé òun fẹ́ gbé ìyá àwọn lọ, aṣọ ìnura ni mò ń ká. Mi ò dáwọ́ dúró. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń ká aṣọ. Ibi ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi mọ aṣọ í ká ju bí ẹnu mi ṣe mọ ọ̀rọ̀ í sọ lọ. Tí mo bá sì délé, aṣọ tiwa tún wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Akọ̀wé ni mò ń pè é. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, torí náà mo ní láti wá orúkọ fún un lọ́jọ́ tí mo wọlé wọn. Ó wọ bàtà dúdú lọ́jọ́ náà, ó fi bírò sápò àyà, ni mo bá ní Akọ̀wé. Táyà ló ń tà. Láti ọjọ́ yẹn dòní, mi ò rí i kó kọ nǹkan kan. Bírò yẹn gan-an, mo rò pé ó yá a ni.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ ò lè dá a ṣe. Ẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀ ń dé nírọ̀lẹ́. Màámi ń jókòó kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, wọn ò rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Lọ́dọ̀ tèmi, àwọn ọmọ wà ńlé, àyè sì wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ti lè máa gbin nǹkan."

"Àyè wà lẹ́yìnkùlé tiwa náà," mo ní.

Ó wò mí. "Ibi tí fíríìjì tó bàjẹ́ yẹn wà?"

"Fíríìjì ṣeé gbé."

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bèèrè: a ò bímọ. A fẹ́ra wa fún ọdún mọ́kàndínlógún, a ò bímọ. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè káàánú mi, mò ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀ ni. Ọkọ ló so èmi àti Màámi pọ̀, ọkọ sì ti kú. Kò sọ́mọ tẹ́nikẹ́ni lè nawọ́ sí láàárín wa pé ẹ wo ohun tó dè yín pọ̀. Bí Màámi bá bá Akọ̀wé lọ, kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi máa padà wá sọ́dọ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé. Èmi á wá ku èmi nìkan nínú yàrá méjì àti pálọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nígbà náà pé mi ò fẹ́ nìyẹn. Gbogbo nǹkan yòókù, bó wá, bó lọ, kò kàn mí.

Iṣẹ́ iná lọkọ mi ń ṣe. Ó jáde láàárọ̀, ó ní ó dìrọ̀lẹ́ o, wọ́n sì pè mí kí n tó jẹun ọ̀sán. Dókítà ní àyà ti ń dùn ún tipẹ́, pé kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò mọ̀. Màámi ò mọ̀. Tá a bá bi í pé báwo lara, á ní ara le, a dúpẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. Ó wà lójú mi, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mi ò sunkún. Àwọn tó wá kí wa á jókòó, wọ́n á máa wo ojú mi bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò tètè hó. Obìnrin kan nínú wọn tilẹ̀ wí i sí etí ẹnì kejì ẹ̀ pé "obìnrin yìí mà lágídí o." Mo gbọ́ ọ. Mo bu omi fún un.

Akọ̀wé mi orí. "Ó dáa," ó ní. "Kí òjò yìí tó dá, màá padà wá. Màámi fúnra wọn ni màá bi. Bí wọ́n bá ní àwọn ń dúró, n ò ní sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò ní bínú," mo ní. Òótọ́ ni. Ìbínú wo ni mo ní nílé?

Màámi wà nínú yàrá ní gbogbo àkókò yẹn, ilẹ̀kùn sì ṣí. "Ẹ kúkú wá ọ̀bẹ," wọ́n ní látibẹ̀, "kẹ́ ẹ là mí sí méjì."

Kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ lèmi àti Màámi o. A ò jà rí, a ò sì ṣọ̀rẹ́ rí. "Ẹ káàárọ̀ mà." "O jíire bí, ìyàwó?" Ó parí síbẹ̀ títí di ọ̀la. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá sọ́dọ̀ wa, èmi ni mò ń se oúnjẹ, àfi òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, táwọn àti ọmọ wọn á jọ wà nílé. Ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bèèrè. Ìkòkò á ti mọ́ kí n tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí áyọ́ọ̀nù ńlá ní ibi iṣẹ́, èyí tá a fi ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń dé mọ́lẹ̀ bíi ìdérí àpótí. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró sí òdìkejì, ó di etí aṣọ mú. Sùúrù là ń pè é nítorí pé kò ní in rárá. Ṣàdédé ló figbe ta.

"Ọwọ́ ẹ! Ọwọ́ ẹ! Yéè, ìwọ obìnrin yìí, yọ ọwọ́ ẹ!"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìka méjì wà lábẹ́ irin. Mo yọ wọ́n. Sùúrù ti sáré lọ bu omi tútù, ó ń bú mi bó ṣe ń bọ̀, ó ki ọwọ́ mi bọ inú ike.

"Kò dùn ẹ́ ni?"

"Ó dà bí ẹni pé ó ń dùn mí."

"Ó dà bí ẹni pé! Gbọ́ ohun tó ń tẹnu àgbàlagbà jáde." Ó jókòó tì mí lórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí. "Wò ó, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ nǹkan. Bú èèyàn. Ọ̀gá wa ló ń kọjá lọ yẹn, bú u, mi ò ní fẹjọ́ ẹ sùn."

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbin nǹkan sẹ́yìn ilé kí ìyá ọkọ mi má baà lọ.

"Kí lo fẹ́ gbìn?"

"Èyíkéyìí."

"Èyíkéyìí kì í hù," Sùúrù ní. "Bàbá kan wà lẹ́bàá ilé epo tó ń ta irúgbìn. Mú ìyá náà dání lọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn yàn. Ẹni bá yan nǹkan, ó máa ń fẹ́ dúró wo bó ṣe máa rí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí dáadáa. Mo pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n gbé fíríìjì lọ. Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ funfun, ó le, àwọn alángbá méjì tó wà níbẹ̀ wò wá bíi pé àwa la jẹ̀bi. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo kúnlẹ̀ kí Màámi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi dé ibì kan. Wọn ò tíì jáde nílé láti ìgbà tá a ti sin ọmọ wọn. Wọ́n wọ bàtà sódì, mo bá wọn pààrọ̀ ẹ̀, a lọ.

Bàbá onírúgbìn jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ọ̀gbìn kéékèèké inú ọ̀rá dúdú ló tò yí ara ẹ̀ ká, irúgbìn sì wà nínú àwọn ike tó ti jẹ́ ike bọ́tà nígbà kan.

"Báwo lẹ̀yìnkùlé yín ṣe tóbi tó?"

"Ebè méjì," mo ní. "Mẹ́ta tí a bá há ara wa."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Ó ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ọ̀sán á fi fẹ́ẹ̀ẹ́ pọ́n."

"Ìyẹn tó. Àmọ́ ẹ má ṣe bí àwọn tó ń wá síbí. Ilẹ̀ wọn ò ju ẹní kan lọ, wọ́n á ní tòmátò làwọn fẹ́, ata làwọn fẹ́, tẹ̀tẹ̀, àlùbọ́sà, ẹ̀lẹ́gẹ́dé. Ní ìparí, wọn ò ní rí ju koríko lọ. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ mú. Ta ló máa jẹ ẹ́? Ohun tẹ́nu ẹni tó máa jẹ ẹ́ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ gbìn."

"Ilá," Màámi ní.

"Efínrín," mo ní.

Ẹnu kan náà la fi sọ ọ́. Màámi kọ́kọ́ ṣàlàyé. "Ọmọ mi fẹ́ràn ilá. Láti kékeré ni. Á là á mọ́ ìdí ìkòkò."

Mi ò kí ń já Màámi nírọ́. Mi ò mọ ohun tó ki mí láyà lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ má bínú o, Màámi, ọkọ mi kì í jẹ ilá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun náà ni. Kí a tó fẹ́ra wa, mo sọ fún un pé èmi ò lè jẹ ilá, pé ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́fun. Ó ní Ọlọ́run ló pa wá pọ̀, pé òun náà ò lè jẹ ẹ́. Mi ò gbé ilá wọlé rí."

"O ò gbé e wọlé. Èmi ń gbé e wọlé! Gbogbo ọjọ́ tí o bá wà níbi iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, kí lo rò pé à ń jẹ? Ilá! Á bù ú lẹ́ẹ̀mejì."

"Efínrín ló fẹ́ràn," mo ní. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹun mi, efínrín ni mo fi sè é. Ó ní irú oúnjẹ báyìí lòun fẹ́ máa jẹ títí òun á fi kú."

"Efínrín?" Màámi dójú lé mi. "Ọmọ tèmi? Tó jẹ́ pé bí a bá já ewé ẹ̀ lójúlé kejì, á dimú mú, á sá wọlé?"

Bàbá onírúgbìn ti ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé a wá dá òun lára yá ni. "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ṣé ẹni kan náà lẹ̀ ń sọ àbí ẹni méjì? Ẹ lọ pè é wá, kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wa."

"Ó ti kú," mo ní. Bí ẹni sọ pé ó lọ gẹ irun ni mo ṣe sọ ọ́.

Bàbá náà kó ẹsẹ̀ ẹ̀ jọ. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra. Ó bu irúgbìn ilá sínú bébà, ó kó ọ̀gbìn efínrín sínú báàgì, kò bá wa jiyàn mọ́. Màámi sunkún títí a fi délé. Èmi gbé báàgì dání, mò ń wo ọ̀nà kí mọ́tò má baà gbá wa. Ẹ gbọ́ o, ó bi wá pé ta ló máa jẹ ẹ́, àwa àgbàlagbà méjì wá ń dárúkọ ẹni tá a ti sin. Kò sì séyìí tó fura nínú wa.

A tú ilẹ̀. Màámi ń ṣa òkúta, èmi ń fi ọkọ́ kékeré tí Sùúrù yá mi kọ ebè. Wáyà wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, èyí tí ọkọ mi gé dànù nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn ilé. Màámi ń nu wọ́n lára aṣọ, wọ́n ń kó wọn sínú ife. Mo rí wọn. Mo ń retí pé kí nǹkan kan ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo lọ bu omi.

Ilá hù. Ẹ ò mọ ohun tí ilá tó hù lè ṣe lára arúgbó. Kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kọjá, Màámi ò wo ògiri mọ́. Wọ́n ti ń bá adìyẹ aládùúgbò jà, wọ́n sì ti ń bá aládùúgbò fúnra ẹ̀ jà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ò ní tíì bọ́ bàtà tí wọ́n á fi pè mí. "Ìyàwó, wá wo nǹkan." Ewé kan ló jẹ́, tàbí kòkòrò kan, tàbí òdòdó ilá, funfun tí inú ẹ̀ pupa. Èmi náà á bomi rin efínrín mi. "Efínrín ẹ yìí ń fa gbogbo omi ilá mi mu," wọ́n á ní. "Ẹ má bínú mà." "Má wulẹ̀ bẹ̀ mí, gé e." Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wa pọ̀ ju ti gbogbo ọdún tọ́mọ wọn fi wà láyé lọ. Nígbà míì, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ, mo máa ń ronú pé kí ni Màámi á pè mí wò lónìí. Mo kàn ń ronú rẹ̀ ni o. Mi ò sọ pé ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ ká ilá, ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀, irọ̀lẹ́ ni. Màámi ní àwọn ló máa sè é. Wọ́n ní kí n já efínrín sí i pẹ̀lú, kó má baà di pé a ṣojúsàájú. Wọ́n fi ẹja sí i. A bù ú, a jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé. Mo fi ṣíbí yí tèmi síwájú. Mo yí i sẹ́yìn. Òórùn efínrín yẹn ń wọ̀ mí nímú, ilá ń fà tẹ̀ lé ṣíbí.

Nígbà tó yá, mo gbójú sókè. "Màámi, ẹ ò jẹun."

"Ìwọ náà ò jẹun."

"Èmi kì í jẹ ilá, mà. Mo sọ fún yín."

"Jẹ efínrín ibẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. "Mi ò fẹ́ràn efínrín náà."

Màámi gbé abọ́ wọn sílẹ̀. "O ní kí ni?"

"Òórùn ẹ̀ máa ń rìn mí lọ́kàn. Òun tó fẹ́ràn ẹ̀ ni mo ṣe ń fi sè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ewé míì nílé ni mo ṣe já a. Ó wá yìn ín. Ó yìn ín débi tí n ò fi lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ?"

Wọ́n ń wo ebè. "Èmi ò kí ń jẹ ilá," wọ́n ní.

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Mi ò jẹ ẹ́ rí látìgbà tí mo ti mọ ara mi. Ọdún tí bàbá ẹ̀ fi wá sílẹ̀, ilá ló kù nílé. Mo sè é fún un lójoojúmọ́, ojú ń tì mí. Ọmọdé ni, àmọ́ ó ń wo ojú mi bó ṣe ń jẹ ẹ́, á ní, 'Màámi, ó dùn. Màámi, ilá ni mo fẹ́ràn jù.' Nígbà tọ́wọ́ mi wá dẹ̀, mo ń sè é fún un torí pé ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀. Ebè méjì gbáko, ilá ti ga dé èjìká, efínrín ti bo ojú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ wọ́n nínú ilé. Màámi bi mí pé, tí kì í bá ṣe ilá, tí kì í bá sì ṣe efínrín, kí wá lọkùnrin náà fẹ́ràn? Mo ronú. Mo ronú gidi. Kò sóhun tí mo gbé síwájú ẹ̀ rí tí kò sọ pé ó dùn. Màámi náà ronú. A ò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná níkùn mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ebi ni.

"Òpùrọ́ ni," mo ní.

Màámi wò mí.

"Òpùrọ́ lọmọ yín! Ẹ má bínú, àmọ́ òpùrọ́ ni! Ó purọ́ nídìí ilá, ó purọ́ nídìí efínrín, ó wá purọ́ nídìí àyà ẹ̀! Mo bi í! Ojú mi báyìí, mo rí i tó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní kí ló ń ṣe ọ́, ó ní òun gbé àkàbà tó wúwo ni. Àkàbà! Kí ló dé tí kò lè sọ pé ó ń dun òun? Ta ló máa pa á tó bá sọ ọ́?"

Aládùúgbò ti yọjú lórí ògiri. Mo ní kó lọ mójú tó adìyẹ ẹ̀. Ìka méjì tó jóná ọjọ́sí ń ta mí.

Mo rò pé Màámi á bínú. Ọmọ wọn ni mò ń bú, òkú ọmọ. Wọ́n kàn fi etí aṣọ nu imú. "Èmi, ó sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ló há sóun láyà," wọ́n ní. "Mo fún un ní omi gbígbóná mu. Ó mu ún tán, ó ní, 'Màámi, ó ti lọ.' Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

A gbé ìkòkò náà fún aládùúgbò. Ó ní ó dùn.

Ìbínú yẹn ò tilẹ̀ bá mi sùn mọ́jú. Nígbà tí mo jí, ara mi ti kú padà, mo lọ síbi iṣẹ́, mo lọ aṣọ. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé tí èèyàn bá ti lè pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Màámi náà ò pè mí wá wo nǹkan fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ilá ń gbó lórí igi. A kí ara wa láàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe ń dá lọ, tí Akọ̀wé fi dé. Ó gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà, ó di ìbàdí mú. "Háà! Ìyàwó wa! Ẹ̀yin lẹ gbin gbogbo èyí? Ilá wá ga ju èmi lọ!"

"Ilá kì í ga ju onílá," Màámi ní. Àmọ́ kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀.

Akọ̀wé rìn ká díẹ̀, ó wò ó yí po, mo sì rí i lójú ẹ̀ pé ó ti gbà. Ẹni bá rí ẹ̀yìnkùlé yẹn kò ní sọ pé arúgbó ibẹ̀ ń jókòó wo ògiri. Ó wá jókòó ní pálọ̀, ó fọwọ́ nu òógùn. "Màámi, mo ní ẹ̀yin fúnra yín ni màá bi. Ṣé ẹ̀ ń bá mi lọ ni, àbí ẹ̀ ń dúró?"

Èmi ni Màámi yíjú sí. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ṣé kí n máa lọ?"

Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí mò ń fẹ́ kò ju kan lọ. Fíríìjì, ọkọ́, ìka méjì, gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀ ni. Wọ́n wá gbé e sí mi lọ́wọ́ báyìí. Àmọ́ báwo lọmọ tí ìyá ẹ̀ kọ́ ṣe máa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ta ni mí tí n ó pàṣẹ fún ìyá ọkọ mi pé lọ, pé má lọ? Àgbà ló ń sọ tẹnu ẹ̀, kékeré á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́, Màámi."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Ó dáa," wọ́n ní.

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé báàgì jáde. Mo sáré gba báàgì náà lọ́wọ́ wọn, torí pé a kì í wo àgbà kó ru ẹrù. Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ ìnura sórí àga kó má baà gbóná mọ́ wọn nídìí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbá etí aṣọ wọn mọ́ inú, mo kúnlẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀ o, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ bá mi kí ìyá wọn. Ohùn mi dùn, ó jọ ohùn àwọn tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Akọ̀wé ṣáná sí mọ́tò.

Ọwọ́ mi ò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Ìyàwó wa," Akọ̀wé ní, "ẹ jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn."

Mo gbọ́ ọ. Mo wo ọwọ́ náà. Kò fi í sílẹ̀.

"Mi ò fẹ́," mo ní.

"Kí lẹ ò fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde bí ẹni ń fa nǹkan tó há. "Màámi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Kì í ṣe torí ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ń dùn mí."

Màámi yọ orí. "Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

"Ibi gbogbo," mo ní. "Ibi gbogbo ló ń dùn mí, Màámi." Nígbà náà ni mo rí i pé iwájú aṣọ mi ti rin, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà wo lo tó fẹ́ sọ ọ́?" Màámi pariwo mọ́ mi, omi ti ń dà lójú tiwọn náà. "Ìgbà tí mo bá dé ọ̀hún tán? Ìgbà tí wọ́n bá wá pè mí pé kí n máa bọ̀?" Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n fi gbé ara wọn dìde. Wọ́n wá yíjú sí Akọ̀wé.

"Pa mọ́tò ẹ," wọ́n ní, "kí o gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀. Àbí o ò gbọ́ pé ó ń dùn ún ni?"